Ìgò míníràlì
Láàárọ̀ yìí ní kílíníìkì aláboyún, nọ́ọ̀sì wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi, kò sọ̀rọ̀, ó tún un wọ̀n: 144/92, ó ga. Oyún mi ti pé ọ̀sẹ̀ 30. Ó ní kí n lọ tọ̀ sínú ike, kí wọ́n wò ó bóyá purotéènì wà níbẹ̀. Ìgbà náà ló wá béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni ò bi mí rí: "Mọ́mì, kìló mélòó ni yín nígbà tí wọ́n bí yín?"

Èmi kẹ̀? Mo ṣebí ọmọ inú mi là ń sọ!

Mo pe màmá mi. Ẹ̀rín ni wọ́n kọ́kọ́ rín. "Ìwọ? O ò ju ìgò míníràlì lọ! Òwú la fi wé ọ. Ìyá àgbà ò jẹ́ kí àlejò kankan gbé ọ." Káàdì ìbí mi ṣì wà nínú àpótí wọn: kìló 2.1.

Nọ́ọ̀sì ní obìnrin tí kò tó kìló 2.5 nígbà tí wọ́n bí i, ẹ̀jẹ̀ ríru sábà máa ń bá a nínú oyún ju àwọn yòókù lọ. Kì í ṣe gbogbo wọn ṣá o. Kò sí purotéènì nínú ìtọ̀ mi, ọpẹ́ ni, àmọ́ mo ń padà lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìgò míníràlì yẹn ò tíì kúrò lọ́kàn mi.

Ẹ̀yin ìyá, ṣé wọ́n ti bi yín bẹ́ẹ̀ rí?