Ẹ Wọ Reluwé Eléèédú ní Darjeeling

Bí ìrìnàjò bá gbé yín dé Darjeeling, lórí òkè ní àríwá Bengal ní Íńdíà, oríṣi reluwé méjì ni wọ́n máa fi lọ̀ yín: onídíísù àti eléèédú. Owó onídíísù kéré. Eléèédú ni kí ẹ wọ̀.

Nígbà tí mo rí ẹ́ńjìnnì náà ní ibùdókọ̀, ẹ̀rín pa mí. Ṣé èyí ló máa fà wá gun òkè? Ẹsẹ̀ bàtà 2 péré ni ojú irin rẹ̀ fẹ̀. Tiwa tó ti Ìddó dé Ìbàdàn ní 1901 fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 3 àbọ̀. Ilé iṣẹ́ Sharp Stewart ní Glasgow ló kọ́kọ́ rọ irú ẹ́ńjìnnì Darjeeling yìí ní 1889, ọkọ̀ òkun ló sì ń kó wọn wá. Nígbà tó yá, Baldwin ní Philadelphia náà rọ díẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ilé àtúnṣe Tindharia, lójú ọ̀nà òkè yìí kan náà, sì rọ tiwọn.

Tánkì omi gun bọ́ílà lẹ́yìn bíi gàárì ẹṣin. Èédú wà níwájú awakọ̀, ọkùnrin kan jókòó lé e, ó ń fi òòlù fọ́ ọ. Àwọn méjì mìíràn wà níwájú pátápátá, ẹsẹ̀ wọn ń rọ̀ dirodiro. Yanrìn ni iṣẹ́ tiwọn. Bí irin bá tutù tí kẹ̀kẹ́ bá ń yọ̀, wọ́n á máa fi ọwọ́ da yanrìn sójú irin kí kẹ̀kẹ́ lè rí nǹkan tẹ̀. Òyìnbó ló rọ ẹ́ńjìnnì o, àmọ́ ká má purọ́, ọwọ́ àwọn ará òkè yìí ló ń gbé e gòkè.

Ìrẹsì wà lára ohun tó bí ojú irin yìí, kì í ṣe ìgbafẹ́. Tẹ́lẹ̀, kẹ̀kẹ́ tí màlúù ń fà ló ń kó ẹrù láti Siliguri, ìlú tó wà nísàlẹ̀ òkè. Kí ìrẹsì tó dé Darjeeling, owó rẹ̀ á ti ju ìlọ́po méjì lọ. Franklin Prestage, òṣìṣẹ́ reluwé Bengal, ló dá a lábàá. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1879, ó dé Darjeeling ní 1881. Ìrẹsì ń gòkè, tíì ń sọ̀kalẹ̀.

Ẹ̀gbẹ́ títì gan-an ni reluwé ń gbà. Bí ẹ bá na ọwọ́ síta, ẹ lè kan ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù! Ọkọ̀ ń fọn fèrè, ẹ́ńjìnnì ń dáhùn, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ti ẹnì kejì. Ní Batasia, ojú irin yí po, ó gba orí ara rẹ̀ kọjá. Ghum ló kàn, mítà 2,258 sókè. Kò sí ibùdókọ̀ reluwé tó ga tó o ní Íńdíà.

Ẹ tètè ra tíkẹ́ẹ̀tì, ìjókòó kì í pọ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ẹ má wọ aṣọ funfun.