Àdúrà lọ́tọ̀, fóọ̀mù lọ́tọ̀: wíwá tẹ́rápì fọ́mọ n'Ìbàdàn àti ní Leeds

Ọmọ méjì ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn, ọmọkùnrin tèmi tá a jọ wà ní Leeds, ní England níbí, àti ọmọ àbúrò mi obìnrin tó wà n'Ìbàdàn. Àwọn méjèèjì ló pẹ́ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀, ẹ lè pè wọ́n lórúkọ títí wọn ò ní yíjú, bí bílẹ́ńdà bá sì dún báyìí ọwọ́ ti dé etí nìyẹn. Èmi àti àbúrò mi máa ń jíròrò lórí WhatsApp lálaalẹ́, ohun tí mo wá rí ni pé àwa méjèèjì là ń wá nǹkan kan náà, àmọ́ ohun tó ń dí i lọ́nà nílé kọ́ ló ń dí mi lọ́nà níbí.

Nílé, owó ni. Bówó bá wà lọ́wọ́ yín lónìí, ó ṣeé ṣe kí oníṣẹ́ tẹ́rápì yẹ ọmọ yín wò lọ́la. Àbúrò mi kàn pe nọ́ńbà tí ẹnì kan fún un ní ṣọ́ọ̀ṣì, lọ́sẹ̀ yẹn náà ni speech therapist, ẹni tó ń ran ọmọ lọ́wọ́ láti sọ̀rọ̀, wá sílé, ó jókòó sórí ẹní pẹ̀lú ọmọ, ó da ìdérí ìgò mínírà sílẹ̀, pupa, búlúù, yẹ́lò, á mú ọ̀kan, á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ara ẹ̀, á pe àwọ̀ ẹ̀ kó tó fún ọmọ, kí ọmọ yẹn lè wo bí ẹnu ṣe ń ṣe. Mo wo fídíò yẹn lọ́pọ̀ ìgbà, inú mi dùn gan-an, torí èmi nígbà yẹn, lẹ́tà ni mo ṣì ń retí. Àmọ́ ìgbà kọ̀ọ̀kan tó bá wá ni wọ́n ń sanwó fún un, tówó oṣù ọkọ ẹ̀ bá pẹ́ tẹ́rápì dúró nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó máa pè wọ́n pé ọmọ yẹn dà. Síkúù aládàáni tí wọ́n mú un lọ gbà á lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn òbí ló máa wá ẹni tí á máa jókòó tì í ní kíláàsì, kí wọ́n sì máa san owó oṣù onítọ̀hún lórí owó síkúù.

Ìbàdàn tiẹ̀ ṣì dáa. UCH ní ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọpọlọ àwọn ọmọdé, UI ń kọ́ àwọn tíṣà tó máa mójú tó irú ọmọ báyìí. L'Ékòó, Patrick Speech and Languages Centre wà n'Íkẹjà, Ìyáàfin Dotun Akande tóun náà bí ọmọ tó ní autism, ìyẹn kí ọpọlọ ọmọ máa ṣiṣẹ́ lọ́nà tó yàtọ̀ débi tó fi ń kan ọ̀rọ̀ sísọ àti bó ṣe ń bá èèyàn ṣe, ló dá a sílẹ̀ ní 2006. Ìyá ọmọ ló dìde o, kì í ṣe ìjọba. Ẹni tó wà ní Ṣakí tàbí Ìkọ̀lé ńkọ́? Owó mọ́tò á ti jẹ owó tẹ́rápì kí wọ́n tó débẹ̀. Òfin tó ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fi àkàndá ẹ̀dá du ẹ̀tọ́ ẹ̀ ti wà láti January 2019, mo dúpẹ́ fún ìyẹn, àmọ́ òfin yẹn ò bá àbúrò mi san kọ́bọ̀ nínú owó tẹ́rápì.

Níbí ẹ ò ní sanwó lójú ẹsẹ̀. Ẹ ti san tiyín nígbà físà, owó ìtọ́jú ìlera tí wọ́n ń pè ní IHS, £1,035 lọ́dún fún àgbà, £776 fún ọmọ, àfi àwọn tó wà lórí físà Health and Care, físà àwọn òṣìṣẹ́ ìlera, tí wọn ò gbà á lọ́wọ́ wọn. Bí ọmọ bá ń sún mọ́ ọdún méjì sí méjì ààbọ̀, health visitor, nọ́ọ̀sì tó ń mójú tó àwọn ọmọ kéékèèké, á ránṣẹ́ sí yín, á fún yín ní ìwé ìbéèrè kan tí wọ́n ń pè ní ASQ: ṣé ó lè to búlọ́ọ̀kù lérí ara wọn, ṣé ó ń so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀, tẹ́ ẹ bá ní kó gbé bàtà wá láìnawọ́ sí i ṣé á gbé e wá. Nọ́ọ̀sì yẹn ló kọ́kọ́ sọ fún wa pé ẹ jẹ́ ká kọ̀wé sí speech therapist àti dọ́kítà àwọn ọmọdé. Èmi ò wá a lọ, òun ló wá mi wá, mi ò rírú ẹ̀ rí, ọkàn mi balẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Ìgbà tó yá la wá mọ̀ pé ìdúró ló kù. Ìlànà NICE, àjọ tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú ìlera níbí, sọ pé tí wọ́n bá ti kọ̀wé nípa autism, kí àyẹ̀wò bẹ̀rẹ̀ láàárín oṣù 3, àmọ́ ọ̀pọ̀ ẹbí tí mo mọ̀ ló dúró kọjá ọdún kan. Nínú ìdúró yẹn ẹ gbọ́dọ̀ lajú o. Wọ́n lè kọ lẹ́tà pé kẹ́ ẹ pè láti sọ pé ẹ ṣì nífẹ̀ẹ́ sí i, tẹ́ ẹ ò bá pè wọ́n á yọ orúkọ ọmọ kúrò. Nọ́ńbà tí ò fara hàn ni wọ́n sábà fi ń pè, àwa tá a kì í gbé irú ìpè bẹ́ẹ̀, ẹ máa gbé e. Tó bá sì wá kan ọmọ, wọ́n lè fún un ní ìpàdé mélòó kan kí wọ́n ní ó tán ná, ẹ lọ máa ṣe é nílé. N'Ìbàdàn, màmá mi wà níbẹ̀, àwọn ọmọ alájọgbélé ń bá ọmọ àbúrò mi ṣeré látàárọ̀ ṣúlẹ̀, níbí èmi àti ọkọ mi nìkan ni, ọ̀kan ń ti ibi iṣẹ́ òru bọ̀ èkejì ń jáde lọ.

Ibi tó le jù fún wa ni ìwé kíkọ. EHCP ni ìwé tó sọ ọ́ di dandan fún ìjọba ìbílẹ̀ láti pèsè ìrànlọ́wọ́ ẹ̀kọ́ tí wọ́n bá kọ síbẹ̀ fọ́mọ, òfin 2014 ló gbé e kalẹ̀ ní England, ó sì lè bá ọmọ dé ọdún 25. Òbí fúnra ẹ̀ lè béèrè fún un, kò dìgbà tí síkúù bá gbà, kò sì dìgbà tí dọ́kítà bá sọ pé autism ni. Láàárín ọ̀sẹ̀ 6 ló yẹ kí wọ́n sọ bóyá àwọn máa yẹ ọmọ wò, gbogbo ẹ̀ ò sì gbọ́dọ̀ ju ọ̀sẹ̀ 20 lọ, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ó ń jù bẹ́ẹ̀ níbi púpọ̀. Tí wọ́n bá kọ̀, ẹ lè gbé wọn lọ sí Tribunal, ìyẹn ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ irú ẹjọ́ báyìí. Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n fẹ́ gbọ́? Ohun tọ́mọ ò lè ṣe ni. Báwo la ṣe tọ́ àwa dàgbà? Tẹ́ ẹ bá bi màmá mi pé ọmọ ọmọ yín ńkọ́, wọ́n á ní ó ń gbìyànjú, Olúwa ń ṣe é. A kì í fẹnu ara wa sọ ibi sọ́mọ wa, ní ṣọ́ọ̀ṣì a máa ń sọ pé kì í ṣe ìpín ẹ̀, mi ò sì bá ẹnikẹ́ni wí, ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé ọ̀pọ̀ ìyá ró.

Ìyá kan ládùúgbò wa, ọmọ Abẹ́òkúta, kọ lẹ́tà tiẹ̀, gbogbo ẹ̀ kún fún pé ọmọ òun ti ń dáa sí i, ó fẹ́ràn orin, òun ń dúpẹ́. Ẹni tó bá a kà á ní SENDIASS, àwọn tó máa ń fọ̀nà han òbí lọ́fẹ̀ẹ́, rọra sọ fún un pé ẹni tó bá ka lẹ́tà yìí máa rò pé ọmọ yìí ò nílò nǹkan kan. Wọ́n ní kó kọ ọjọ́ tó le. Ó padà sílé ó ń sunkún, ó ní ó dà bíi pé òun ń fẹjọ́ ọmọ òun sun ìjọba. Mo bá a jókòó a tún un kọ: pé tí ẹ̀wù bá ní lébẹ́ẹ̀lì kékeré lọ́rùn ọmọ á bọ́ ọ dànù á sì máa sunkún títí tí yóò fi rẹ̀ ẹ́, pé tó bá rí omi á sáré wọ̀ ọ́ láìbẹ̀rù, pé ìrẹsì funfun nìkan ló ń jẹ, tí ọbẹ̀ bá kàn án ó parí nìyẹn, pé ìyá ẹ̀ kì í sùn mọ́jú. Òótọ́ ni gbogbo ẹ̀. Àdúrà lọ́tọ̀, fóọ̀mù lọ́tọ̀, Ọlọ́run mọ ohun tẹ́ ẹ ní lọ́kàn, àmọ́ ẹni tó ń ka fóọ̀mù ò mọ̀ ọ́n o.

Ohun kan tí mo rọ àbúrò mi pé kó gbé lọ sọ fún síkúù ẹ̀: tíṣà ibẹ̀ ní kí wọ́n má sọ Yorùbá sọ́mọ mọ́, Gẹ̀ẹ́sì nìkan. Màmá mi tó ń tọ́jú ọmọ yẹn látàárọ̀ ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì púpọ̀, ni wọ́n bá dákẹ́. Ọmọ tó nílò ọ̀rọ̀ ni wọ́n wá pa ọ̀rọ̀ mọ́ lẹ́nu fún! Therapist wa ní Leeds sọ ọ́ kedere pé èdè méjì kì í fa kí ọmọ pẹ́ sọ̀rọ̀, èdè tó bá ti dán mọ́nrán lẹ́nu yín jù ni kẹ́ ẹ máa fi bá a sọ̀rọ̀. Ó kọ́ wa ní Makaton, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ ṣe bẹ́ ẹ ṣe ń sọ̀rọ̀, a ń sọ "ó tó" ní Yorùbá a sì ń fọwọ́ ṣe é, ọmọ wa ń dá wa lóhùn.

Ẹ̀yin tí físà yín sọ pé ẹ ò lẹ́tọ̀ọ́ sí public funds, ìyẹn owó ìrànwọ́ ìjọba, ẹ tẹ́tí. DLA, owó tí wọ́n ń san nítorí ọmọ tí ìtọ́jú ẹ̀ ju tẹgbẹ́ lọ, wà nínú ohun tí ẹ ò gbọ́dọ̀ béèrè. Àmọ́ tẹ́rápì NHS, ìyẹn ètò ìlera ìjọba, ìrànlọ́wọ́ ní síkúù àti EHCP ò sí nínú ẹ̀. Mo mọ àwọn tó ń fi ọmọ pa mọ́ torí ẹ̀rù físà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń bọ̀ láti ilé, ẹ jẹ́ kí dọ́kítà tàbí therapist kọ ìwé fún yín, kí wọ́n kọ déètì sí i kí wọ́n lu sítáǹpù, kí wọ́n kọ ohun tí ọmọ lè ṣe àti ohun tí ò tíì lè ṣe, ẹ fún SENCO, tíṣà tó ń mójú tó àwọn ọmọ tó nílò ìrànlọ́wọ́ ní síkúù, ní ẹ̀dà kan lọ́sẹ̀ tọ́mọ bá bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ mú òmíràn lọ fún GP, dọ́kítà àdúgbò yín.