Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nípa fífi ìwọ̀ pẹja nírọ̀lẹ́ lójú omi Ìlàjẹ

Ẹ̀yin ará Àkúrẹ́ tó fẹ́ lọ fi ẹja pípa gbafẹ́ ní Ìlàjẹ, ẹ má fi oòrùn nìkan mú àkókò. Ìgbà tí omi bá ń wọlé tàbí tó ń fà lọ sókun ni edé àti ẹja wẹ́wẹ́ ń bá a rìn, tí ẹja ńlá ń tẹ̀ lé wọn. Bí omi bá dúró, ẹ máa jókòó lásán ni. Omi máa ń fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 pẹ́ lójoojúmọ́: bó bá kún tán ní aago 3 ọ̀sán òní, ó di nǹkan bí aago 3:50 lọ́la. Torí náà, ẹ bi atukọ̀ ní aago tí omi máa yí, kí ẹ tó gba ọ̀nà Oǹdó àti Ọ̀rẹ̀ lọ sí Igbókọ̀dá. Ọjọ́ tó bá kún tán ní aago 3 sí 4 ni mo fẹ́ràn jù, torí á ti máa fà gidi bí oòrùn bá ń rẹlẹ̀. Kí ẹ sì ti rí ibi tí ẹ máa sùn lẹ́bàá omi.

Ẹrọ̀fọ̀ rírọ̀ ló wà nísàlẹ̀ omi létí òkun ibẹ̀. Òun ló ń pa agbára ìgbì, tí omi fi ń rọ̀. Àmọ́ òun náà ló ń gbé ìdẹ mì: òjé tí a so mọ́ okùn kó lè wúwo á rì sínú rẹ̀, ìdẹ á bá a lọ, ẹja ò ní rí i. Bí òjé bá ti kanlẹ̀, tí okùn dẹ̀, ẹ fà á sókè ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan, kí ẹ dá a dúró síbẹ̀. Edé tútù ni ìdẹ tó dáa jù fún ẹja àpò (croaker). Ẹ jẹ́ kí ẹnu ìwọ̀ yọ díẹ̀ níkùn edé.

Okùn ọ̀rá tó nípọn tó 0.40 mm ti tó. Ẹ ti ẹnu okùn náà bọ ojú ìwọ̀, ẹ lọ́ ẹnu rẹ̀ mọ́ ara okùn nígbà 5, ẹ dá a padà gba ihò kékeré tó wà lẹ́bàá ojú ìwọ̀, kí ẹ fi itọ́ rin ín dáadáa kí ẹ tó fà á le. Bí ọ̀rá gbígbẹ bá ń ha ara rẹ̀, á gbóná, ibi kókó yẹn á sì rọ. Ibẹ̀ náà ló máa já bí ẹja bá tàkú.

Iwájú ọkọ̀ ni kí wọ́n so ìdákọ̀ró mọ́, kì í ṣe ìdí, kí omi má baà bu wọlé. Bí omi bá jìn ní mítà 3, okùn rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín ní mítà 15, torí ẹrọ̀fọ̀ kì í di ìdákọ̀ró mú bọ̀rọ̀.

Láífù jákẹ́ẹ̀tì, ẹ wọ̀ ọ́ sọ́rùn, ẹ má fi jókòó. Ní Oṣù Kọkànlá, oòrùn ń wọ̀ ní nǹkan bí aago 6:20, òkùnkùn á sì bolẹ̀ kí ìdajì wákàtí tó pé. Ẹ fa ìdákọ̀ró kó tó wọ̀ tán, torí àwọ̀n àti òpó àwọn apẹja ò ṣeé rí mọ́ lálẹ́.

Ọ̀bọ̀kún ní ẹ̀gún 3: ọ̀kan lẹ́yìn, méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́. Aṣọ nínípọn ni kí ẹ fi dì í mú. Bó bá gún yín, omi gbígbóná ló ń pa oró rẹ̀, torí náà ẹ gbé fúláàsìkì kan dání. Ẹ fi omi tútù pò ó títí ọwọ́ kejì, tí ẹ̀gún kò gún, á fi lè gbà á, kí ẹ ki èyí tó ń ro yín bọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú 30 ó kéré tán. Bí ẹ̀gún bá kán sínú, ilé ìwòsàn ló kàn.