Ìṣẹ́jú Kan Gbáko Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bẹ́ẹ̀dì

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Iléṣà níbí, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àìsùn. Ìbéèrè kan náà ni ẹ máa ń bi mí ṣáá: báwo ni èèyàn ṣe lè fi gbogbo ayé rẹ̀ fún Ọlọ́run, nígbà tí iṣẹ́ alẹ́ ti gba ìṣọ́ òru, tí iṣẹ́ ọjọ́ Àìkú sì ti gba ìsìn? Ọmọ ìjọ CAC (Christ Apostolic Church) ni mí láti inú oyún, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo sì ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí.

Nílé wa, ìbéèrè yìí le ju tiyín lọ. Ẹ mọ Òkè-Ooyè ní Iléṣà níbí. Níbẹ̀ ni ìsọjí ńlá ti bẹ́ sílẹ̀ ní 1930 láti ọwọ́ Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ẹni tó ń wa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́ kí Ọlọ́run tó pè é ní 1928. Àdúrà àti omi ni àwọn bàbá wa fi ń wo àìsàn, wọn kì í fi ẹnu kan oògùn. Ọ̀rọ̀ náà gbóná débi pé kuiníìnì tí àwọn míṣọ́nnárì òyìnbó ń gbé mì nítorí ibà wà lára ohun tó fa ìpínyà tó bí CAC. Ẹ wá fojú inú wò ó bí ọmọ irú ilé bẹ́ẹ̀ bá lọ wọ yunifọ́ọ̀mù nọ́ọ̀sì. Ìyá ìyá mi kò bá mi jà, ó kàn ní kí n má ṣe gbé abẹ́rẹ́ wọ yàrá òun. N kò dá wọn lẹ́jọ́. Ohun tí wọ́n gbà gbọ́ ni wọ́n ń ṣe, ojú wọn sì rí nǹkan nítorí rẹ̀.

Èmi, inú wọ́ọ̀dù ni ọ̀rọ̀ náà ti yé mi. Ẹ mú káàdì àwọn aláìsàn wá, kí ẹ wo ibi tí a ń kọ iye ìgbà tí wọ́n ń mí ní ìṣẹ́jú kan sí. 20, 20, 20, láti bẹ́ẹ̀dì àkọ́kọ́ dé èyí tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Bàbá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún, 20. Aláboyún, 20. Ẹni tó ń hanrun, 20. Àbí wọ́n ṣèpàdé, wọ́n fẹnu kò lórí bí wọ́n á ṣe máa mí ni? Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ẹ̀rọ ń bá wa wo BP àti ara gbígbóná, ṣùgbọ́n ojú àti aago ni a fi ń ka èémí. O máa dúró ti aláìsàn, wàá máa wo àyà rẹ̀ bó ṣe ń gòkè tó ń sọ̀, fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Ìṣẹ́jú kan gùn púpọ̀ ní aago mẹ́rin ìdájí! Bí o kò bá sì kà á, ta ni yóò mọ̀?

Ọmọ tó ti pé oṣù méjì, tí kò tíì pé ọdún kan, tó ń wúkọ́, tí èémí rẹ̀ sì tó 50 ní ìṣẹ́jú kan, òtútù àyà ni ká fura sí. Bó bá ti pé ọdún kan, tí kò tíì pé márùn-ún, 40 ti tó. Iye yẹn ló lè mú kí dókítà sáré wá. Ẹni tó jókòó sórí àga tó kọ iye tó wù ú, irọ́ ló pa mọ́ ọmọ náà, ì báà jẹ́ pé orin ìyìn ló ń kọ lọ́wọ́.

Pọ́ọ̀lù ní ká fi ara wa rú ẹbọ ààyè. Ara yìí náà ni, tòun ti ẹsẹ̀ tó wú lẹ́yìn iṣẹ́ alẹ́. Ẹ tún wo Dáníẹ́lì: ìdí iṣẹ́ ìjọba ni àwọn ọ̀tá rẹ̀ ti kọ́kọ́ wá ẹ̀sùn sí i lẹ́sẹ̀, ìgbà tí wọn kò rí nǹkan kan ni wọ́n tó lọ ń ṣọ́ àdúrà rẹ̀. Onígbàgbọ́ míì wà láàárín wa tí ọ̀tá rẹ̀ kò ní dé ìdí àdúrà rárá. Káàdì wọ́ọ̀dù ti tó o. Ìbọ̀wọ́ àti òwú ilé ìwòsàn tí ẹlòmíì ń tà fún aláìsàn ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí n panu mọ́.

Láti ilé ìwòsàn Wesley Guild tí àwọn Mẹ́tọ́díìsì dá sílẹ̀ ní ìlú wa yìí ni Dókítà David Morley, tó dé ní 1956, ti bẹ̀rẹ̀ kílíníkì àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Wọ́n á gbé ọmọ sórí òṣùwọ̀n, wọ́n á fàmì sí orí káàdì, ìyá á sì gbé káàdì náà lọ sílé. Bí ìlà rẹ̀ bá ń gòkè, ara ọmọ ń yá. Bó bá tẹ́jú tàbí tó ń wálẹ̀, a gbọ́dọ̀ tètè wádìí. Irú káàdì yẹn tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Kò sí agogo níbẹ̀, kò sí ìlù, ọmọ tó ń ké àti ìyá tó tò sórí ìlà ló wà níbẹ̀. Síbẹ̀, bí ẹ bá ní kí n ka ohun tí Ọlọ́run ti ṣe nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, Òkè-Ooyè wà níbẹ̀, òṣùwọ̀n Ìmẹ̀sí-Ilé náà wà níbẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má wá sọ pé mo ní kí ẹ pa àdúrà tì. Nọ́ọ̀sì tí kì í gbàdúrà, kì í pẹ́ tí àánú rẹ̀ fi ń gbẹ, tí yóò máa jágbe mọ́ arúgbó. Tèmi ni pé bí mo bá ka èémí tán, màá dárúkọ ẹni náà fún Ọlọ́run nínú ọkàn mi kí n tó kọjá sí bẹ́ẹ̀dì kejì, Mùsùlùmí ni o, oníṣẹ̀ṣe ni o. Ẹ má ṣe máa wàásù lé ẹni tí ìrora ń dà láàmú lórí. Ẹ kọ́kọ́ fún un ní oògùn rẹ̀ lásìkò.

Ó ku ti ìṣọ́ òru. Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó ti bá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pààrọ̀ kí wọ́n tó lẹ rósítà, kó sì bá onítọ̀hún ṣe tirẹ̀ padà. Bí wọ́n bá ti lẹ ẹ́ kí o tó rántí, wá sẹ́nu iṣẹ́. Yóò yé pásítọ̀ rẹ. Bí kò bá yé e, ní kó wá bá mi.