Ẹkùn Tipu

Lánàá, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ ọmọ Íńdíà lọ sí ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí V&A ní Lọ́ńdọ̀nù. A dúró pẹ́ níwájú ẹkùn Tipu Sultan, ọba Mysore ní Íńdíà láyé àtijọ́. Igi ni wọ́n fi gbẹ́ ẹkùn náà, ìlà wà lára rẹ̀ gbogbo. Ó gun òyìnbó kan mọ́lẹ̀, ó ki eyín bọ̀ ọ́ lọ́rùn. Irin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: tí wọ́n bá ń yí i, òyìnbó yẹn á máa kérora.

Àwọn ọmọ ogun East India Company, ilé-iṣẹ́ oníṣòwò àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ló kó o láàfin Tipu ní Seringapatam, lẹ́yìn tí wọ́n pa Tipu ní May 4, 1799.

Ọ̀rẹ́ mi ní, "Ṣé o mọ̀ pé èdè Híńdì ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti mú ọ̀rọ̀ wọn ‘loot’, ìyẹn ìkógun? ‘Lūt’ la máa ń pè é."

Ó dùn mí wọra. Wọ́n kó ẹrù onílé tán, wọ́n tún kó ọ̀rọ̀ tí onílé fi ń ké ìbòsí! Ìbíní ni mo rántí, àwọn ère idẹ tí wọ́n kó ní 1897. Ní 2022, ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí Horniman ní Lọ́ńdọ̀nù fi ohun Ìbíní 72 lé Nàìjíríà lọ́wọ́ gẹ́gẹ́ bí onínǹkan. Ó ṣeé ṣe nìyẹn. Kí wọ́n dá ti Tipu náà padà.