Aṣọ Ìlúwẹ̀ẹ́ Tí Mò Ń Fọwọ́ Ara Mi Rán: Ibi Tí Mo Bá A Dé

Èjìká ló fà á. Aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ tí wọ́n ń tà lọ́jà máa ń gba àyà mi, ó máa ń gba ìdí mi, ṣùgbọ́n tí mo bá ti nàró tán, okùn èjìká á máa gé mi lẹ́ran. Ẹni tó bá gùn láti èjìká dé abẹ́ bíi tèmi á mọ ohun tí mò ń sọ. Tí a bá sì ra èyí tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, àyà rẹ̀ á máa ṣí, omi á máa wọlé síbẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rán búbá àti síkẹ́ẹ̀tì ara mi, mo bá ní kí n dán aṣọ tó ń fà wò, èyí tí mi ò fọwọ́ kàn rí.

Ìwọ̀n

Àyà, ìbàdí, ìdí: gbogbo télọ̀ ló ń wọn ìyẹn. Èyí tí ọ̀pọ̀ wọn kì í wọ̀n ni èyí tó yí ara po lóòró. Mo fi téèpù lé àárín èjìká, mo fà á gba orí ọyàn àti iwájú ikùn sọ̀kalẹ̀, mo gbà á láàárín itan, mo fà á gòkè lẹ́yìn padà sí èjìká kan náà. Èèyàn ò lè dá a ṣe kó gún. Àbúrò mi ló bá mi di ẹ̀yìn mú. 66 ínṣì ló jẹ́. Pátánì, ìyẹn pépà tí a fi ń gé aṣọ, tí mo rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fi 62 sí ẹni tí àyà rẹ̀ jẹ́ 38 bíi tèmi. Ínṣì mẹ́rin ló fi dín, èjìká ló sì ń san án.

Ẹ fara balẹ̀ níbí. Ínṣì mẹ́rin yẹn kì í ṣe ohun tí a ó fi kún iwájú, ká tún fi mẹ́rin míì kún ẹ̀yìn. Iwájú àti ẹ̀yìn ló jọ pín in, méjì-méjì. A kì í sì í kó o sí ìsàlẹ̀ nìkan, torí ìbàdí aṣọ ò ní bọ́ sórí ìbàdí ẹni mọ́. Mo gé pátánì iwájú ní ìdábùú níbi méjì, ọ̀kan láàárín ọyàn àti ìbàdí, ìkejì nísàlẹ̀ ìbàdí díẹ̀. Mo ya ibi kọ̀ọ̀kan ní ínṣì kan, mo lẹ pépà mọ́ àlàfo rẹ̀, mo fi bírò tún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fà kó lè máa lọ geere. Mo ṣe ẹ̀yìn bákan náà.

Ẹ má fi nǹkan kan kún ìbú torí pé ó rí tín-ín-rín lójú yín o. Pátánì aṣọ tó ń fà gbọ́dọ̀ kéré ju ara lọ. Ara ló máa fà á dé ìwọ̀n. Ọwọ́ ẹni tó ti mọ búbá rán, tó máa ń fi àyè sílẹ̀ fún atẹ́gùn, máa ń yún un níbẹ̀.

Aṣọ

Balógun ni mo lọ. Tí ẹ bá béèrè líkírà, ìyẹn aṣọ tó ń fà, níbẹ̀, oríṣiríṣi ni wọ́n máa kó jáde, títí kan èyí tó jẹ́ pé ìbú nìkan ló ń fà. Ti inú omi gbọ́dọ̀ fà lóòró àti níbùú. Mo mú rúlà dání. Mo di ínṣì mẹ́rin aṣọ mú, mo fà á, ó dé mẹ́fà wọ́ọ́rọ́wọ́. Mo jọ̀wọ́ rẹ̀, ó padà sí mẹ́rin. Èyí tó bá dúró sí mẹ́rin àbọ̀, ẹ dá a padà fún olówó ẹ̀, ìdí rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ sọ̀.

Ìyá tó ń tajà ń wò mí. “Àǹtí mi, ṣé ẹ fẹ́ fà á ya ni?”

“Ẹ má bínú, mà. Inú omi ni mo fẹ́ wọ̀ ọ́ wọ̀.”

“Inú omi?” Ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó fa rọ́ọ̀lù kan tó nípọn jáde. “Ìyẹn kọ́ lẹ ń fà látàárọ̀. Èyí lẹ fẹ́.”

Èyí tó ní òdòdó ló kọ́kọ́ wù mí. Mo nà án sórí ìkúùkù mi, funfun bá yọ láàárín àwọn òdòdó. Àwòrán tí wọ́n tẹ̀ sójú aṣọ funfun ni. Bó bá ti fà, abẹ́ rẹ̀ á yọjú, orí àyà àti ìdí ló sì máa fà jù. Mo mú búlúù dúdú kan tí aró rẹ̀ wọ̀ ọ́ dénú, nínú ọgọ́rùn-ún, náílọ́ọ̀nù jẹ́ 80, spandex, ìyẹn fọ́nrán tó ń fà, jẹ́ 20. Spandex yẹn, èyí tí Joseph Shivers ṣe jáde ní ilé iṣẹ́ DuPont ní 1958, ló ń mú kí aṣọ padà sí àyè rẹ̀. Òun náà ni klórínì, kẹ́míkà tí wọ́n ń dà sínú omi ìlúwẹ̀ẹ́, ń jẹ díẹ̀díẹ̀, nítorí náà ẹ máa fi omi lásán ṣan aṣọ yín gbàrà tí ẹ bá jáde.

Abẹ́rẹ́ àti ìrán

Abẹ́rẹ́ 16 tí mo fi ń rán ankara kò bá líkírà ṣe. Ẹnu rẹ̀ mú jù, ó ń gún fọ́nrán já, ẹ̀rọ á sì máa fo ìrán. Abẹ́rẹ́ stretch 75/11, èyí tí wọ́n ṣe fún aṣọ tó ń fà, ni mo lò. Ẹnu tirẹ̀ ò mú tó bẹ́ẹ̀, ńṣe ló ń ti fọ́nrán sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tó kọjá. Òwú polyester ni, kì í ṣe kọ́tìnnì.

Ẹ̀gbọ́n kan wà ládùúgbò wa tó ń ránṣọ, ẹ̀rọ Butterfly dúdú ẹlẹ́sẹ̀ ló ń lò, ìrán tààrà nìkan ló mọ̀. Wọ́n ní kò sóhun tó le níbẹ̀: “Ṣáà máa fà á bí o ṣe ń rán an.” Mo rán àgékù kan bí wọ́n ṣe wí, mo fi sìgísáàgì, ìrán tó ń yà sọ́tùn-ún yà sósì, rán òmíràn, ó fẹ̀ ní mìlímítà mẹ́ta, ó gùn ní méjì. Mo fi méjèèjì lé wọn lọ́wọ́ kí wọ́n fà á. Ti tààrà dún pà, òwú já. Sìgísáàgì nà, ó sì padà.

Wọ́n wò ó títí. “Ó dáa. Tí wọ́n bá wá mú iná lọ ńkọ́?”

Wọ́n sì mú un lọ, nígbà tí mo wà láàárín ẹ̀gbẹ́ òsì.

Láìnì, ìyẹn aṣọ abẹ́, tó jẹ́ aláwọ̀ ara ni mo fi sínú iwájú àti ẹ̀yìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iwájú nìkan ni pátánì sọ.

Rọ́bà ẹsẹ̀

Èyí ló gba sùúrù jù. Lástíìkì tí a ń kì bọ ìbàdí ṣòkòtò kò lè gba klórínì, kíá ló máa ń dẹ̀. Rọ́bà pẹlẹbẹ tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà kan ni mo lò. Níwájú, mo tẹ́ ẹ láìfà á rárá. Bó ti kan ẹ̀yìn, níbi tí ìdí ti yọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fà á kó lè gbá abẹ́ ìdí mú. Tí ẹ bá fà á bákan náà yípo, iwájú á máa gé itan, ẹ̀yìn á máa sún sókè. Rọ́bà nìkan là ń fà, aṣọ á tẹ́ sílẹ̀ jẹ́ẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, mo ṣẹ́ ẹ sínú, mo tún fi sìgísáàgì gba orí rẹ̀.

Mo wọ̀ ọ́, mo jókòó, mo lóṣòó, mo na ọwọ́ méjèèjì sókè. Èjìká ò sọ nǹkan kan. Mo wọ balùwẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀, mo bu omi lé e láti orí, torí aṣọ gbígbẹ máa ń purọ́: líkírà tó bá mumi á wúwo, á sì gùn sí i. Ó sọ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ọrùn, ibi tí mi ò tíì fi rọ́bà sí. Kò sọ̀ níbòmíì.

Ó ku ọrùn, ihò apá, àti àyà. Mò ń rò ó bóyá kí n yọ kọ́ọ̀bù inú bírà àtijọ́ kan lò, àbí kí n fi power mesh, aṣọ oníhò wẹ́wẹ́ tó ń fà tó sì le, ṣe ìpele kẹta lábẹ́ ọyàn. Mesh ni ọkàn mi fà sí, torí kọ́ọ̀bù máa ń mumi bíi kànìnkànìn, kì í sì í tètè gbẹ. Màá wá a dé ọjà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Tí mi ò bá rí èyí tó le dáadáa, kọ́ọ̀bù náà ni.