Obìnrin tí mo sáré kọjá

Àbúrò mi ló bi mí: "Ẹ̀gbọ́n, ká ní kò sí ọ̀run, ṣé ẹ ó ṣì máa ṣe ìtọrẹ àánú?" Inú bí mi gan-an. Iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì ló ń ṣe, kì í lọ sí ilé ìjọsìn mọ́, lójú mi, kò lẹ́nu ọ̀rọ̀ lórí ohun tí kò gbà gbọ́. Èmi sì rèé, akọ̀wé ẹgbẹ́ aláàánú ìjọ! Mo sọ̀kò ọ̀rọ̀ lù ú.

Kò bá mi fa á. Ìwádìí kan ló kàn sọ fún mi, èyí tí John Darley àti Daniel Batson gbé jáde lọ́dún 1973. Wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ àlùfáà ní Princeton, ní Amẹ́ríkà, lọ sọ̀rọ̀ nínú ilé kejì. Ìtàn ará Samáríà tó ṣàánú ni àwọn kan nínú wọn ń lọ sọ. Lójú ọ̀nà, ọkùnrin kan jókòó lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó dorí kodò, ó ń wúkọ́, ó ń kérora. Nínú àwọn tí wọ́n sọ fún pé wọ́n ti pẹ́, ìdá 10 nínú 100 péré ló ràn án lọ́wọ́. Nínú àwọn tí àyè ṣì wà fún, ìdá 63 ni. Ará Samáríà tó wà lẹ́nu wọn ò fi bẹ́ẹ̀ yí nǹkan kan padà.

Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò dénú. Ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, mo ń sáré lọ síbi tí a ti fẹ́ pín ẹ̀bùn nígbà tí obìnrin kan tí àárẹ̀ mú pè mí lẹ́bàá ọ̀nà. Mo ní, "Mò ń bọ̀." N kò padà. Mo tiẹ̀ ti gbàgbé rẹ̀.

Mo ti rò pé ṣe ni sáyẹ́ǹsì fẹ́ sọ ìgbàgbọ́ mi di irọ́. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀; ìkánjú mi ló tú síta. Àbí ẹ̀sìn fúnra rẹ̀ fọkàn tán wa? Mátíù 6 ní kí ọwọ́ òsì má mọ ohun tí ọ̀tún ń ṣe; Kùránì 2:271 ní èyí tí a fún aláìní níkọ̀kọ̀ ló dára jù.

Torí náà, tí ẹ bá ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ẹ má fi gbogbo ọjọ́ tú ọkàn yín wò bóyá ó mọ́. Ó máa ń dùn mọ́ni láti fúnni ní nǹkan, ìyẹn ò burú. Ohun tí ọwọ́ yín ń ṣe ni kí ẹ wò. Ta ni fọ́tò tí ẹ ń yà níbi ìtọrẹ wà fún? Àwa máa ń to àwọn tí a fún ní nǹkan síwájú bánà ìjọ. Bàbá àgbàlagbà kan fọwọ́ bojú nígbà tí a fẹ́ yà wọ́n, a ní kí wọ́n gbé ọwọ́ kúrò lójú. Títí di òní, ó ń dùn mí. N kì í yà wọ́n mọ́, mo sì máa ń tètè jáde nílé, kí n lè ráyè dúró bí ẹnì kan bá pè mí.

Àbúrò mi ní n kò tíì dáhùn ìbéèrè òun. Òótọ́ ni. Lọ́jọ́ kan mo rí báńdéèjì lápá rẹ̀, ó ti lọ fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo bi í pé kí ló dé tó fi ń ṣe é. Ó ní òun ò mọ̀.